Láwàní Ọ̀pá Méjìdínlógún

Bí ẹ bá dé Ṣakí lọ́dún 1979, tí ẹ sì béèrè ẹni tó mọ kéwú jù, Alfa Ràmọ́nì á ti dá yín lóhùn kí ẹ tó béèrè tán. Ràmọ́nì Ìmọ́lẹ̀ Òkè-Ògùn! Ràmọ́nì Odò Ìmọ̀ tí kì í gbẹ lẹ́ẹ̀rùn! Òun ló fún ara rẹ̀ lórúkọ wọ̀nyí; ará àdúgbò kàn ń bá a gbé e kiri ni.

Ká má purọ́, ohùn rẹ̀ dùn. Bó bá ń ké Àlùkùránì, ẹyẹ á dákẹ́ lórí òrùlé. Ìdí tí Ọlọ́run fi ń fún irú wọn ní ohùn dídùn, ẹni tó ń kírun wákàtí márùn-ún pàápàá máa ń bi Í léèrè nínú ọkàn. Èsì ò tíì dé.

Olùkọ́ rẹ̀, Baba Ládòkun, ti darúgbó. Ó ti kéde pé lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Ayílà, òun yóò wé láwàní fún Ràmọ́nì. Ẹni tó bá gba láwàní yìí ló gba ilé-kéwú. Òun ni yóò máa jókòó sórí awọ àgbò Baba, òun ni yóò máa túmọ̀ Àlùkùránì fún gbogbo ìlú lóṣù Ààwẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni Ràmọ́nì ti ń fi ojú oorun jókòó lórí awọ yẹn.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn ún. Nílé-kéwú yìí, ẹnì kan kì í dá láwàní wé. Olùkọ́ á wé e yíká lẹ́ẹ̀kan, á sì na aṣọ sí àwọn ẹgbẹ́ tirẹ̀ tí wọ́n jọ kọ wàláà nígbà èwe, pé kí wọ́n wé ìyókù. Ẹgbẹ́ olùkọ́ ẹni, olùkọ́ ẹni ni. Nínú ẹgbẹ́ Baba Ládòkun, ẹnì kan ló kù láyé: Baba Ọ̀jẹ̀túndé, tó ń yan gàrí ní Ìgànná.

Ràmọ́nì lọ bá olùkọ́ rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja títí irùngbọ̀n rẹ̀ fi gbálẹ̀.

"Baba, ẹ̀yin nìkan lolùkọ́ mi. Ojú ọ̀run kì í gba òṣùpá méjì. Ọwọ́ yín nìkan ni kó kan orí mi."

Baba ń fa tẹ̀sùbáà lọ. "A ó rí i. Ṣáà bá mi ránṣẹ́ sí Ọ̀jẹ̀túndé pé ọjọ́ Àìkú ni."

"Mo gbọ́, Baba."

Ẹni tó mọ àgbà mọ̀ pé "a ó rí i" kì í ṣe "bẹ́ẹ̀ ni." Ràmọ́nì mọ kéwú, kò mọ àgbà. Kò ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò gba ìdè: gbogbo awakọ̀ ọ̀nà Ìgànná ló ń fọ́nnu fún pé láwàní òun dọjọ́ Àìkú.

Ó tún ra aṣọ. Ọ̀pá mẹ́rin ni gbogbo ayé ń wé. Ràmọ́nì ra méjìdínlógún, aṣọ funfun báláú tó gba ẹnu ibodè wọlé.

Àwáwù ìyàwó rẹ̀ tú u wò, aṣọ kún yàrá. "Bàbá Fàtímọ̀, ṣé orí lẹ fẹ́ wé ni àbí ilé?"

"Ìmọ̀ mi ni wọ́n fẹ́ wé, obìnrin yìí. Èyí tí mo rà yìí gan-an, kò lè tó."

Ọjọ́ pé. Èrò kún abẹ́ àtíbàbà. Ràmọ́nì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gba ìkíni. Ni baba arúgbó kan bá sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ̀lẹ̀kájà, erùpẹ̀ ọ̀nà ti pa á láró pupa, àpò gàrí wà lórí rẹ̀.

"Àsàláámù àlékùn. Ìwọ lọmọ wa tó ń gba láwàní? Èmi ni Ọ̀jẹ̀túndé. Awakọ̀ kan ló sọ fún mi."

Ràmọ́nì wo ọwọ́ baba. Iná ti jó o, èéfín ti wọ̀ ọ́.

"Ẹ kú ìrìn, Baba. Kì í ṣe pé a ò mọ̀ yín o. Àlejò pàtàkì ló kún iwájú. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ọwọ́ gàrí àti láwàní funfun!" Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ jókòó síbi bàtà yẹn, kí ẹ máa bá wa ṣọ́ ọ. Olè pọ̀."

"Àlùhámúdùlíláì," ni baba wí. Ó sọ gàrí kalẹ̀, ó jókòó.

Wọ́n kírun tán. Baba Ládòkun mú aṣọ, ó wé e yíká orí Ràmọ́nì lẹ́ẹ̀kan. Èrò hó: "Àláàhù Àkúbárù!" Ràmọ́nì dijú, ó ń retí wíwé kejì. Kò dé.

"Mo gbọ́ pé Ọ̀jẹ̀túndé ti wọ̀lú," ni Baba wí. "Ó dà?"

"Baba, ẹ máa wé e lọ. Ọwọ́ tiyín tó."

"Mo ti wé tèmi. Ọ̀jẹ̀túndé o!"

"Mo wà níbí!" Ohùn náà ti ẹnu ọ̀nà wá. "Mò ń ṣọ́ bàtà!"

Gbogbo orí yí sẹ́yìn.

"Ta ló fi ọ́ ṣọ́ bàtà?"

"Ọmọ wa ni. Ó ní ọwọ́ gàrí ò bá láwàní funfun mu. Kò kúkú parọ́."

Baba Ládòkun wo Ràmọ́nì, tí aṣọ ká jọ sí lẹ́sẹ̀ bí ìfun àgbò Iléyá.

"Ràmọ́nì, ọdún tí ojú ń dùn mí, oṣù méje gbáko ni ọwọ́ yẹn fi bá mi kọ wàláà mi. Ibẹ̀ ni mo ti rí èyí tí mo kọ́ ọ. Bó bá jẹ́ ìdọ̀tí ni, ìdọ̀tí lo kó sórí."

Ràmọ́nì fò dìde láti sáré lọ dọ̀bálẹ̀ fún baba Ìgànná. Ó tẹ aṣọ mọ́lẹ̀. Wíwé kan ṣoṣo tó wà lórí rẹ̀ tú wálẹ̀, òun náà sì ṣubú lé e. Orí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fá láàárọ̀ ń kọ yànrànyànràn nínú oòrùn.

"Ìmọ́lẹ̀ Òkè-Ògùn ti tàn o!" ni obìnrin kan kígbe lẹ́yìn. Àwọn kan ní Àwáwù ni. Ẹ̀rín ò jẹ́ kí wọ́n mọ̀ dájú. Lẹ́mọ́mù pàápàá fi ìwé Àlùkùránì bojú, èjìká rẹ̀ ń mì.

"Ẹ bá mi ká aṣọ náà," ni Baba Ládòkun wí. "Láwàní ò sí lónìí. Oúnjẹ wà."

Àwọn baba méjèèjì jókòó pọ̀ sórí awọ àgbò. Ràmọ́nì ló gbé omi ìfọwọ́ wá, ó kúnlẹ̀, ó ń da á sí Baba Ọ̀jẹ̀túndé lọ́wọ́.

"O ṣé. Ọdún mélòó lo ti wà lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi?"

"Mọ́kànlá, Baba."

"Háà. Má bínú, ọmọ mi, o ò wá kí mi rí. Kí ni wọ́n ń pè ọ́?"

Ràmọ́nì la ẹnu láti bẹ̀rẹ̀ látorí Ìmọ́lẹ̀ Òkè-Ògùn, ó tún pa á dé. Gbogbo àtíbàbà ń tẹ́tí.

"Ràmọ́nì ni, Baba."

"Ràmọ́nì. Ó dáa. Tún da omi sí i."