Atẹ́gùn Inú Bàtà Mi

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí ayé: ọjọ́ tí mo wọ atẹ́gùn sẹ́sẹ̀ ní Odigbo, tí mo ní òun ni n óò fi sáré gba àpò ìrẹsì ní Ore. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n rò ó lẹ́sẹẹsẹ fún yín, nítorí kò sí ohun tí mo ṣe nínú ọ̀rọ̀ náà tí n kò kọ́kọ́ ronú sí dáadáa. Ìrònú yẹn gan-an ló kó bá mi.

Àwọn sọ́jà ló ń ṣèjọba nígbà náà, ọjà sì ti wọ́n kọjá ohun tí ẹnu ń sọ. Ọṣẹ, mílíìkì, ṣúgà, ìlà la máa ń tò sí kí a tó rí wọn rà. Ti ìrẹsì ló wá burú jù. Ìjọba ti ní kí ti òkèèrè má wọlé mọ́, ti ilé kò sì kárí. Àsìkò yẹn ni ó wá wù mí láti gbé Yẹ́misí níyàwó. Bàbá rẹ̀, àgbẹ̀ oníkòkó kan ní Ajue, kò béèrè owó, kò béèrè aṣọ. Ó kàn pè mí jókòó, ó ní, "Ọmọ mi, láti ìgbà tí wọ́n ti já mi lẹ́nu ọmú ni mo ti ń jẹ pupuru. Gbágùúdá ní àárọ̀, gbágùúdá ní alẹ́. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó Yẹ́misí, ìrẹsì ni mo fẹ́ kí àlejò mi jẹ. Àpò kan péré. Ọjọ́ tí o bá gbé e dé ni kí o wá mú ọjọ́."

Bàbá náà kì í rẹ́rìn-ín púpọ̀. Gìgísẹ̀ òsì ló ń dùn ún. Tó bá ti jí láàárọ̀, ọmọ ìka ẹsẹ̀ ló máa ń fi tẹlẹ̀ bí ẹni tó ń yọ́ lọ jí adìyẹ gbé. Ẹni tí gìgísẹ̀ ń dùn bẹ́ẹ̀ kì í sì í fara balẹ̀ wo ẹwà àna.

Mo wá ìrẹsì títí dé Òndó, mo wá a dé Òkìtìpupa, n kò rí i. Àfi bí wọ́n ṣe kéde eré ìje kan, láti pápá ilé-ìwé kan ní Odigbo títí dé oríta Ore. Ẹni tó bá ṣe ipò kìn-ín-ní yóò gbé odindi àpò ìrẹsì lọ sílé. Ọ̀gá sọ́jà kan ni yóò ti Àkúrẹ́ wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e fún un.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́: n kì í ṣe sárésáré. Bàtà ni mo fẹ́ràn. Bí ẹlòmíràn bá ra bàtà òkìríkà, á wọ̀ ọ́. Èmi á là á sí méjì kí n lè mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ kan, mo ra ẹ̀pà ní gáréèjì Ore. Ìwé tí wọ́n fi pọ́n ọn fún mi, àwòrán bàtà eléré ìdárayá kan ni mo rí nínú rẹ̀, tí wọ́n là bí ẹni la ọsàn. Lábẹ́ gìgísẹ̀ rẹ̀ ni àpò atẹ́gùn kan wà, ohun kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ẹni tó wọ̀ ọ́ lè fọwọ́ yí, kí bàtà náà rọ̀ tàbí kí ó le bó ṣe fẹ́. Mo ju ẹ̀pà sẹ́nu, n kò mọ̀ bóyá ó dùn. Mo ti rí ohun tí wọ́n dá mi sáyé láti wá ṣe.

Báyìí ni mo ṣe ṣe tèmi. Mo wá kánfáàsì òkìríkà kan tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nípọn, mo fi ọ̀bẹ gbẹ́ ihò sí ibi gìgísẹ̀. Mo gé túùbù kẹ̀kẹ́ ológeere, mo fi sólúṣọ̀n lẹ ojú rẹ̀ méjèèjì pa, mo tì í sínú ihò náà, mo sì jẹ́ kí fáàfù rẹ̀ yọ sẹ́yìn bí ìrù àkekèé. Ìyẹn ni ti atẹ́gùn. Ti àárín àtẹ́lẹsẹ̀, níbi tí ẹsẹ̀ ènìyàn ti kọ́ sókè tó sì ń fẹ́ ohun tí yóò gbé e, mo lọ sí oko rọ́bà lápá Araromi-Obu, mo bẹ àwọn tó ń kọ igi rọ́bà pé kí wọ́n bu oje díẹ̀ fún mi. Mo dà á sínú bàtà, mo ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ títí ó fi dì, kí ó lè mú àwòrán ẹsẹ̀ mi gan-an. Nígbà tí mo fa ẹsẹ̀ yọ, gbogbo irun orí ẹsẹ̀ mi ló dúró síbẹ̀. N kò bínú. Ìmọ̀ kì í wá láìgba nǹkan.

N kò ní gééjì tó lè wọn atẹ́gùn tó kéré bẹ́ẹ̀, mo bá sọ àtàǹpàkò mi di gééjì, mo fi èso sọ ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ tó rọ̀ wọlé, ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n nìyẹn, fún ẹni tó kàn ń nasẹ̀. Èyí tó le jù ú lọ díẹ̀ ni ọsàn, fún ọ̀nà oko. Àgbálùmọ̀ ni mo fi sí ti eré ìje lórí títì ọ̀dà, torí ó ń ti ẹsẹ̀ padà sókè. Ó tún ku àgbọn, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ohunkóhun dé ibẹ̀.

Lásísì, fọganáísà tó wà létí gáréèjì, ni ó bá mi fẹ́ ẹ wò. Ó yí bàtà náà síwá-sẹ́yìn.

"Ìwọ ọkùnrin yìí, ṣé mọ́tò lo fẹ́ dà ni?"

"Bàtà eré ni, Lásísì. Mo lè fi kún un, mo lè dín in."

Ó tẹ gìgísẹ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà. "Má fẹ́ ẹ kún o. Ṣé o rí àwọn táyà tó ń bẹ́ lójú ọ̀nà Benin yìí? Àárọ̀ kùtù ni wọ́n fẹ́ wọn kún. Oòrùn ló bá wọn fẹ́ ìyókù."

"Táyà agbégilódò lo ń sọ. Èmi ò gbé gẹdú."

"O gbé ara rẹ," ni ó fi dá mi lóhùn.

Ó yẹ kí n gbọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ eré náà, ìrì ṣì wà lórí koríko nígbà tí mo fẹ́ bàtà méjèèjì dé àgbálùmọ̀. Ó pé bí ó ṣe yẹ kó pé. Mo gbé pọ́ǹpù fún Yẹ́misí kí ó gbé e dání lọ sí Ore, níbi tí òun àti bàbá rẹ̀ yóò ti dúró dè mí, mo sì gba pápá lọ.

A dé pápá, a ò rí àṣẹ láti sáré. Wọ́n ní ọ̀gá sọ́jà kò tíì dé Ore, ta ni yóò wá sáré débẹ̀ kí ó tó dé? A dúró. Oòrùn yọ, ó gun òkè, ó wá dúró lé wa lórí. Oje rọ́bà inú bàtà mi kò tíì gbẹ dénú, ẹni tó bá sì ti kọjá létí oko rọ́bà rí mọ irú òórùn tí ó máa ń mú wá bí oòrùn bá pa á. Eṣinṣin kọ́kọ́ dé. Lẹ́yìn náà ni àwọn sárésáré bẹ̀rẹ̀ sí í sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹnì kan ṣoṣo ló dúró, géńdé kan láti Omifunfun tó ń fi ẹ̀yìn ru àpò kòkó jẹun. Kò wọ bàtà kankan.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "kí ló kú sí yín lára?"

"Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni."

"Ó yẹ kí wọ́n tètè sin ín."

Nǹkan mìíràn ni mo ti ń kíyè sí: mo ti ga ju bí mo ṣe jáde nílé. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi àtàǹpàkò tẹ gìgísẹ̀ ọ̀tún. Kì í ṣe àgbálùmọ̀ mọ́. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di àgbọn. Mo fẹ́ tú fáàfù kí díẹ̀ jáde, mo wá rántí pé pọ́ǹpù ti wà lọ́wọ́ Yẹ́misí ní Ore. Bí mo bá tú u tó wá jáde jù ńkọ́? Mo fi í sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ Lásísì ń yí lórí mi, mo ń lé e dànù.

Fèrè ni wọ́n fun láti dá wa sílẹ̀. Wọ́n kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ohun tó jọ ìbọn dún lọ́jọ́ náà, torí àhesọ ti ń jà rànyìn pé àwọn sọ́jà kan fẹ́ gba ìjọba lọ́wọ́ àwọn sọ́jà kan, ojú gbogbo wọn sì ti le.

Ẹ ò rí eré! Bí mo bá gbẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀, ilẹ̀ á tì mí padà bí ẹni tí kò fẹ́ àlejò. Mo ń fò ni, n kò sáré. Mo kọjá gbogbo wọn. Mo ti ń rí ìrẹsì nínú abọ́, mo ti ń rí àna mi tó ń rẹ́rìn-ín. Ibi tí mo ti ń rí ìyẹn ni bàtà òsì ti bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, á súfèé: fíìn! Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, fíìn! Ajá dáhùn láti inú agbo ilé. Ọ̀tún ń wú sí i, òsì ń lọ sílẹ̀, ni mo bá di ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà lórí òkè, tí ọ̀kan wà ní àfonífojì. Gọ́tà ń fà mí, mo ń bá a du ara mi. Géńdé Omifunfun ti dé ẹ̀yìn mi, mo sì ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra o, òkú yín ti jí, ó ń súfèé!"

Mo rí oríta Ore. Mo rí àgọ́ tí wọ́n fi tapólì bò, ọ̀gá sọ́jà lórí àga, àwọn sọ́jà rẹ̀ pẹ̀lú ìbọn, àpò ìrẹsì níwájú wọn, Yẹ́misí àti bàbá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ku díẹ̀ báyìí. Mo ní kí n fi gbogbo agbára fò lẹ́ẹ̀kan péré sí i, mo sì fi gìgísẹ̀ ọ̀tún sọlẹ̀.

GBÒÀ!

Ojú ẹsẹ̀ ni gbogbo Ore dọ̀bálẹ̀. Àwọn èrò gáréèjì wọ abẹ́ mọ́tò. Ọ̀gá sọ́jà wà lábẹ́ tábìlì. Bàbá Yẹ́misí, tí kò dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́ láti ìgbà tí bàbá tirẹ̀ ti kú, na gbọọrọ sínú erùpẹ̀ pẹ̀lú agbádá funfun. Èmi tí mo ṣe bàtà náà ńkọ́? Mo wà nílẹ̀, mo di ẹsẹ̀ mi mú, mo ń ké pé, "Wọ́n ti yìnbọn fún mi o! Yẹ́misí, wọ́n ti pa mí o!"

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò dúró. Géńdé Omifunfun fò mí kọjá, ó lọ kọjá ìlà, ó sì jókòó lé àpò ìrẹsì rẹ̀.

"Ta ló yìnbọn?" Sọ́jà kan ti na ìbọn sí gbogbo wa.

Láti ẹ̀yìn òkìtì táyà ni ohùn Lásísì ti jáde. "Ọ̀gá, ìbọn kọ́! Mo mọ ohùn yẹn. Táyà ni!"

"Mọ́tò rẹ̀ dà?"

"Òun ló dùbúlẹ̀ síwájú yín yẹn."

Wọ́n ní kí n bọ́ bàtà. Mo bọ́ méjèèjì. Sọ́jà tó gbé e sókè, tí kò bẹ̀rù ìbọn, fi ọwọ́ di imú. Ọ̀gá rẹ̀ gbọn erùpẹ̀ kúrò lára, ó ní kí n ṣàlàyé ara mi. Ẹ̀yin ará, ẹnu ni yóò pa mí. Níbi tí mo dùbúlẹ̀ sí ni mo ti bẹ̀rẹ̀ láti orí fáàfù, mo ṣàlàyé oje rọ́bà, mo dé orí ọsàn àti àgbálùmọ̀. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Ó dáa. Máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ dé òpin ìlà." Báyìí ni mo ṣe parí eré náà, lórí ìlóṣòó, tí ẹ̀rín àwọn èrò gáréèjì ń tì mí lẹ́yìn ju atẹ́gùn lọ.

Bàbá Yẹ́misí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó lọ dúró ti bàtà òsì, èyí tó súfèé. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ gìgísẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó gbé e sábẹ́ agbádá. "Yẹ́misí, ó yá ká máa lọ sílé." Mo ní ó ti tán.

Nígbà tó ṣe, wọ́n ránṣẹ́ pè mí sí Ajue. Mo bá bàbá níwájú ilé, níbi tí wọ́n sá kòkó sí. Bàtà mi ló wà ní ẹsẹ̀ òsì rẹ̀.

"Ó ti rọ̀," ó ní. "Kò gbé mi mọ́. Fẹ́ ẹ."

Yẹ́misí gbé pọ́ǹpù jáde. Mo kúnlẹ̀, mo ń fẹ́ ẹ.

"Dúró! Ibẹ̀ yẹn. Kí lo ń pe ibẹ̀ yẹn?"

"Ọsàn ni, Bàbá."

Ó dìde. Ó fi gìgísẹ̀ tẹlẹ̀, gbogbo rẹ̀ pátá. Ó rìn yí kòkó rẹ̀ ká, ó padà.

"Ó ń jò."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Mo lè lẹ̀ ẹ́ pa."

"Má lẹ nǹkan kan. Èyí tí kò jò, gbogbo wa la gbọ́ ohun tó sọ ní Ore." Ó jókòó. "Tó bá sì ń jò, ta ni yóò máa wá fẹ́ ẹ fún mi láràárọ̀?"

Mo wo Yẹ́misí. Yẹ́misí wo ilẹ̀. "Èmi ni, Bàbá."

"Àlejò kì í wọ ilé mi láràárọ̀. Àna ló lè ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ mú ọjọ́."

Ẹnu mi tí kì í gbọ́ràn tún ní, "Ìrẹsì ńkọ́, Bàbá?" Yẹ́misí já mi léèékánná.

"Wọn yóò jẹ pupuru," ni bàbá wí. "Ṣé pupuru ti yìnbọn fún ẹnikẹ́ni rí?"

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò gùn: bí o bá ń fẹ́ nǹkan láàárọ̀, fi àyè sílẹ̀ fún oòrùn ọ̀sán. Ẹ̀kọ́ kejì ni pé kí ènìyàn máa ṣọ́ ohun tó bá ṣèlérí níwájú àna. Òjò rọ̀ o, ẹ̀ẹ̀rùn dé o, bí àkùkọ bá ti kọ, èmi àti pọ́ǹpù mi ti wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ilé yẹn, tí bàbá á na ẹsẹ̀ òsì sí mi, á ní, "Ọsàn ni mo wí, ìwọ ọkùnrin yìí! Àgbálùmọ̀ lo tún fi sí i yìí. Ṣé o fẹ́ kí n tún dọ̀bálẹ̀ ni?"