Bí Ọlámígòkè Ṣe Dọ̀bálẹ̀ Lójú Òfurufú

Orí Ọlámígòkè gbá àjà lẹ́ẹ̀kejì níbi tó ti ń gbìyànjú láti dọ̀bálẹ̀. Síbẹ̀ kò ṣíwọ́, nítorí ọmọ Akínfọlárìn ni, ọmọ agbẹ́rù-gun-òkè Ìdànrè láìmí hẹlẹ, ọmọ akin tó ru igi àjà délé láìsọ̀ ọ́ lójú ọ̀nà, ẹni àkọ́kọ́ nílùú rẹ̀ tó gun orí iná, tó fi ayé sílẹ̀ bí ẹni bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà.

Kò tíì pé wákàtí kan tí ọkọ̀ rẹ̀ dé ilé tó ń yí ayé po lójú òfurufú, níbi tí nǹkan kan kì í wúwo, tí èèyàn àti ṣíbí ń léfòó bákan náà. Àwọn mẹ́rin ló bá níbẹ̀, láti orílẹ̀-èdè mẹ́rin, gbogbo wọn ló sì jù ú lọ lọ́jọ́ orí. Girigórì ará Rọ́ṣíà, ọ̀gá ibẹ̀, ti lé ní ọgọ́ta ọdún.

Ìyá bàbá Ọlámígòkè, Màmá Fadérera, ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n ní gbọ̀ngàn ìlú. Kó tó gbéra ni màmá ti sọ ọ́: bí kò bá dọ̀bálẹ̀ kí àgbà tó bá níbẹ̀, kó má tẹ ilé òun mọ́.

"Ọlámígòkè!" Ohùn màmá ta jáde látinú ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ tí wọ́n fi so gbọ̀ngàn pọ̀ mọ́ òfurufú. "Àgbà wà níwájú rẹ, o wá ń fò káàkiri bí àdán!"

"Màmá, ilẹ̀ ibí ni kò gbà mí."

"Ilẹ̀ wo ni kò gba ọmọ Akínfọlárìn?"

Girigórì yíjú sí Háná, ará Japan. "Kí ló ń wá?"

"Bóyá nǹkan rẹ̀ ló já bọ́."

"Kí ló lè já bọ́ níbí?"

Nígbà náà ni akọni fa ojú ro. Ó ki ìka ẹsẹ̀ méjèèjì bọ abẹ́ irin ìdìmú, ó gbá irin kejì mú bí jagunjagun tó gbá ọ̀tá lọ́rùn mú, ó fà, ilẹ̀ kọ̀, ó tún fà, iṣan ọrùn rẹ̀ le bí okùn, òógùn kóra jọ níwájú orí rẹ̀ kò ríbi ṣàn sí, títí àyà ọmọ Akínfọlárìn fi kanlẹ̀ gbalaja.

"Ẹ kú ilé o, sà."

Girigórì wò ó títí. Ó ṣí fìlà rẹ̀. Fìlà náà léfòó lọ.

Ariwo sọ ní gbọ̀ngàn. "Ọmọ mi nìyẹn!" ni màmá wí. "Dìde, wàá dàgbà!"

Kí ayé gbọ́, kí òṣùpá tó wà nítòsí náà gbọ́: àwọn kan ti ṣẹ́gun ìlú, àwọn kan ti ṣẹ́gun òkun, ṣùgbọ́n Ọlámígòkè ló nà gbalaja síbi tí ilẹ̀ ti kọ ọmọ ènìyàn.

Ó ku àgbà mẹ́ta tí kò tíì kí.