Kọ́nẹ́ẹ̀lì Crutchfield, Alágolo Fìlà

Kọ́nẹ́ẹ̀lì ni Lemuel Crutchfield ń pe ara rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí pé ogun wo ló jà. Ogun kan ṣoṣo tí a mọ̀ mọ́ ọn ni ìgbà tí agbọ́n lé e jáde nínú ṣálángá pápá ìbọn wa ní Piney Fork, agbọ́n ló sì borí. Bẹ́ẹ̀dì àti tìmùtìmù ló fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tà kí ó tó fẹ̀yìn tì.

Síbẹ̀, bí Sátidé bá ti dé, Kọ́nẹ́ẹ̀lì á gbé kóòtù ogun aláwọ̀ eérú wọ̀, èyí tó nípọn bí bùláńkẹ́ẹ̀tì, nínú ooru Missouri tí ń mú ajá sá wọ abẹ́ ọkọ̀. Á fi òróró pa irùngbọ̀n. Á fi òróró pa ìbọn ìléwọ́ rẹ̀ títí eṣinṣin á fi bà á tí á yọ̀ ṣubú. Crutchfield adára-bí-ère, Crutchfield adán-bí-àwo, ọkùnrin tí ń wo dígí kí ó tó wo ibi tí ó fẹ́ yìnbọn sí.

Ìbọn àtijọ́ ni a ń yìn nínú ẹgbẹ́ wa, irú èyí tí àwọn baba ńlá wa gbé lọ sógun. A ó rọ ẹ̀tù dúdú sínú ihò àgbá rẹ̀ tó ń yí, a ó ki ọta òjé tẹ̀lé e, a ó wá dé fìlà bàbà kékeré kan lé ṣóńṣó tó wà lẹ́yìn ihò kọ̀ọ̀kan. Òòlù ìbọn á gbá fìlà, fìlà á ta iná sínú ẹ̀tù, ìbọn á sì dún. Láìsí fìlà, ọmọ odó lo gbé dání.

Ó ti di ọdún méjì báyìí tí fìlà ìbọn wọ́n bí imí eégún. Dewey Pruitt, alámòójútó pápá wa, gbìyànjú láti fi agolo ẹlẹ́rìndòdò ṣe tirẹ̀, ó fi ẹ̀tù ìbọn ìṣeré ọmọdé sí i nínú. Ìdajì kò dún. Ìdajì yòókù fọ́ wọnú ẹ̀rọ ìbọn, ó sì há síbẹ̀. Ìbọn náà ló fi ń di ilẹ̀kùn gáréèjì rẹ̀ mú báyìí.

Kọ́nẹ́ẹ̀lì ti gbọ́ òórùn ọ̀wọ́n náà ṣáájú gbogbo wa. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ó ti fi owó gbá fìlà gbogbo ṣọ́ọ̀bù agbègbè wa mọ́ tónítóní. Agolo fìlà kún yàrá tí Lurleen ìyàwó rẹ̀ ń kó oúnjẹ sí, títí kò fi sí àyè fún ìgò kan. Bí o bá ń fẹ́ fìlà, wàá gun àtẹ̀gùn ilé rẹ̀, wàá ṣí àkẹtẹ̀, wàá sì pè é lóyè. Mo ṣe é, mi ò ní parọ́. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, Kọ́nẹ́ẹ̀lì." Ó ka mẹ́wàá sí mi lọ́wọ́, ó tún mú ọ̀kan padà, ó ní ohùn mi kò ti ọkàn wá.

Bí ọ̀ràn ṣe rí nìyẹn tí Hobart Tidwell, ọmọ ẹgbẹ́ wa, fi kú nígbà òtútù, tó fi ìbọn baba ńlá rẹ̀ sílẹ̀ fún Verna aya rẹ̀. Ó tó ọdún mẹ́wàá tí ojú Kọ́nẹ́ẹ̀lì ti wọ ìbọn yẹn. Màmá Verna kò ní i lọ́kàn láti gba ẹ̀bùn ìdíje kankan. Ohun tó fẹ́ ni kí ìbọn ọkọ òun dún níbi ìdíje oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà, bó ṣe ń dún lọ́dọọdún. Fìlà ni kò ní. Ó di dandan kí ó gun àtẹ̀gùn.

Mo tẹ̀lé e lọ. Ọdún mẹ́sàn-án ni ó fi ju ọkùnrin yìí lọ, síbẹ̀ "ìwọ" ni Kọ́nẹ́ẹ̀lì ń pè é. Inú bí mi, ṣùgbọ́n mo ṣì nílò fìlà, mo ṣí àkẹtẹ̀ tèmi.

Kọ́nẹ́ẹ̀lì fọwọ́ ra irùngbọ̀n. "Verna, ìbọn Hobart kì í ṣe ohun ìṣeré obìnrin. Màá fún ẹ ní ogún fìlà, ká jọ díje. Bí mo bá borí, ìbọn di tèmi."

"Bí èmi bá borí ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín títí bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀ fẹ́ já. "Bí o bá borí, gbogbo fìlà inú ilé yìí di ti ẹgbẹ́. Gbogbo ẹ̀ pátá."

Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sára pátákó ìkéde pápá, ó sì buwọ́ lù ú: Kọ́nẹ́ẹ̀lì. Ẹnu tí kò mẹ́nu, ètè tí kò métè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ọjọ́ ìdíje pé. Ọta márùn-ún márùn-ún ni, lẹ́ẹ̀mejì. Kí Màmá Verna tó rọ ẹ̀tù rárá, ó dé fìlà mẹ́fà sórí ìbọn òfìfo, ó dojú rẹ̀ kọ koríko, ó gbá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Pá, pá, pá. Koríko ń mì. Gbogbo wa mọ ìdí rẹ̀: ìbọn tí a fi òróró pamọ́, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi iná fìlà jó òróró inú rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀tù á mu òróró yó, kò sì ní í gbaná.

Kọ́nẹ́ẹ̀lì náà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n fìlà mẹ́fà, lórí òfìfo? Ọkùnrin tó ní agolo tó lè kún ọkọ̀ kan?

Ó kọjú sí wa. "Ẹ wo bó ṣe ń fi nǹkan ṣòfò. Fìlà tèmi ò ní í dún lásán."

Màmá Verna yìn márùn-ún, mẹ́rin wọ ojú ìwé tí a gbé kọ́ sí ọ̀ọ́kán. Ó kan Kọ́nẹ́ẹ̀lì. Ó yọ àyà, ó di ojú kan, ó fa ìbọn.

Pá.

Fìlà dún, ẹ̀tù kò dáhùn. Ó tún fà á. Pá. Títí dé ìkarùn-ún, pá ni. Àkókò rẹ̀ tán, Dewey kọ òdo sílẹ̀ fún un. Màmá Verna parí márùn-ún kejì, mẹ́ta wọlé. Kọ́nẹ́ẹ̀lì kò lè yin tirẹ̀ kejì, ìdíje parí. Ìbọn Hobart kò lọ ibì kankan, omi sì bọ́ lójú mi.

Kọ́nẹ́ẹ̀lì fẹ́ rọra lọ sídìí oúnjẹ, ìbọn lábẹ́ apá. Dewey dí i lọ́nà. "Kọ́nẹ́ẹ̀lì, ìbọn yín ṣì kún. Òfin ni pé ìbọn tó kún ò gbọ́dọ̀ kúrò lórí ìlà ìyìnbọn. Ẹ̀yin lẹ sì ṣe é."

Òun ló ṣe é lóòótọ́, lọ́dún tó kọjá, kí ó lè fi dójú ti baba arúgbó kan.

Ó padà, ó ń dé fìlà, ó ń fà á. Pá. Pá. Àwa jókòó ti ẹ̀wà àti búrẹ́dì àgbàdo, a ń bá a kà á sókè. Nígbà tí a dé ọgọ́rùn-ún, agolo rẹ̀ ṣófo, òógùn ń ṣàn ní irùngbọ̀n rẹ̀. Ó wo Màmá Verna.

"Màmá Verna," ó wí jẹ́ẹ́, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí."

Màmá fi síbí sílẹ̀. "Ẹ kọ́kọ́ bọ́ kóòtù yẹn ná, kí ooru má baà pa yín."

Ó bọ́ ọ. Abẹ́ rẹ̀ ni ẹ̀wù ṣọ́ọ̀bù tìmùtìmù rẹ̀ àtijọ́ wà, tí a kọ sí láyà gàdàgbà: Ẹ WÁ SÙN LỌ́DỌ̀ MI. Dewey bú sẹ́rìn-ín, ó tu ẹ̀wà lé mi lára.

Màmá tú àwọn ṣóńṣó ẹ̀yìn ìbọn náà, ó wọ́n ẹ̀tù gbígbẹ díẹ̀ sí ẹ̀yìn ihò kọ̀ọ̀kan, ó dá wọn padà. Ó fi fìlà mẹ́rin tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀ sí i. Mẹ́rin dún, ọta wọn já bọ́ níwájú bàtà Kọ́nẹ́ẹ̀lì bí ìgbẹ́ ewúrẹ́. Ọta kan ṣì kù nínú ìbọn, fìlà sì ti tán.

Dewey fóònù Lurleen pé kó mú fìlà wá. Lurleen bi í pé ta ló borí. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ fi dé, agolo kún ẹ̀yìn rẹ̀ dẹ́nu.

"Ẹ tò," ó ní. "Méjì méjì ni o. Mo fẹ́ kí yàrá mi ṣófo, tòmátì mi ń bẹ nílẹ̀."

A tò. Kọ́nẹ́ẹ̀lì dúró lórí ìlà, kò lè kúrò, ó ń wò wá bí a ṣe ń kó agolo kọjá níwájú rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹyọ kan péré ló ní òun fẹ́. Gbogbo wa di agolo mọ́ àyà, a ń wo ojú ọ̀run bóyá òjò máa rọ̀. Ó wá ké sí ìyàwó rẹ̀.

Lurleen yẹ ẹ̀yìn ọkọ̀ wò. "Ó ti tán, Lemuel. Ṣé kí n gbé ẹ̀wà wá fún ẹ níbẹ̀?"