Ẹyẹ Ọgọ́rùn-ún Ọdún lára Ògiri Ojúlówó

Ìyàwó rẹ̀ wà ní balùwẹ̀ nígbà tí Ojúlówó rẹ ẹyẹ mẹ́rin sínú tíì.

Kì í ṣe ẹyẹ tó ń fò o. Àwòrán ẹyẹ ni: òwìwí, àkókó, odídẹrẹ́ àti lékèélékèé, irú èyí tí àwọn onímọ̀ ẹ̀dá ayé àtijọ́ máa ń fi ọwọ́ yà sínú ìwé ńlá, tí wọ́n á kọ orúkọ ẹyẹ sábẹ́ rẹ̀ ní èdè Látìnì. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló ní kí atẹ̀wé àdúgbò rẹ̀ tẹ̀ wọ́n jáde fún òun láti orí kọ̀ǹpútà. Yíǹkì ara odídẹrẹ́ ò tíì gbẹ tán tó fi gbé e délé.

Àga àti tábìlì tuntun ni ilé iṣẹ́ wa ń tà. Ọ̀gá wa obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, fẹ́ ṣí ẹ̀ka tí yóò máa ta ohun èlò ilé àtijọ́, wọ́n sì ń wá alákòóso tó lè fi ojú lásán ya ojúlówó sọ́tọ̀ kúrò lára ayédèrú. Ọkùnrin wa yìí dìde nínú ìpàdé. Bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, ojúlówó ni. Aago ọwọ́ rẹ̀ tó ti kú láti ọdún mẹ́ta, ojúlówó ni. Bó ṣe máa ń sọ nìyẹn, ibẹ̀ ló sì ti gba orúkọ ìnagijẹ rẹ̀.

"Màmá, inú ohun àtijọ́ ni wọ́n bí mi sí. Àwòrán ẹyẹ tí bàbá bàbá mi àgbà fi sílẹ̀ wà lára ògiri mi títí dòní. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún."

"Ó dáa. Èmi àti akọ̀wé á yà wò ó ní Sátidé."

Èmi ni akọ̀wé. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rín ti ń pa mí, torí mo mọ ògiri yẹn. Kàlẹ́ńdà nìkan ló wà níbẹ̀, ti ọdún méjì sẹ́yìn sì ni.

Ibi tó ti gbọ́ pé tíì máa ń sọ ìwé tuntun di ìwé tó ti gbó, n ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kò dúró gbọ́ ọ tán. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ló rí fíláàsì tíì gbogbo ilé lórí tábìlì, ló bá dà á sínú abọ́ ìfọṣọ, gbàà. Ó rẹ ẹyẹ, ó sá ẹyẹ, ó fi ẹyẹ sínú férémù onígíláàsì, ó gbé wọn kọ́.

A dé ní Sátidé. Ká sọ òótọ́, iṣẹ́ náà dára. Lékèélékèé ti pọ́n bí ẹni tó la ogun méjì kọjá. Màmá wò ó láti ẹnu ọ̀nà, wọ́n mi orí bí ẹni tó tẹ́ lọ́rùn, wọ́n yọ lẹ́tà kan nínú báàgì, wọ́n fi lé orí tábìlì. Mo rí orúkọ Ojúlówó lára àpòòwé: lẹ́tà ipò alákòóso ni. Òun náà rí i. Ó na ìka sí lékèélékèé.

"Ẹ súnmọ́ ọn dáadáa, Mà. Ọwọ́ ni wọ́n fi yà á."

Ibẹ̀ ló ti ba ara rẹ̀ jẹ́. Màmá súnmọ́ ọn.

"Kí ni àwọn dúdú dúdú yìí?"

Láti ìsàlẹ̀ ògiri ni èèrà ti tò bí àwọn tó ń lọ gba owó ìfẹ̀yìntì. Wọ́n gba ẹ̀yìn férémù wọlé, wọ́n sì ti bo gbogbo àyà lékèélékèé.

Ojúlówó wò ó. Kò ṣẹ́jú.

"Ara àwòrán ni, Mà. Oúnjẹ ẹyẹ ni. Àwọn ayàwòrán àtijọ́ kì í ya ẹyẹ kí wọ́n má ya oúnjẹ rẹ̀."

"Ọ̀kan ń rìn."

"Tí ọwọ́ ayàwòrán bá ti mọ́ tó bẹ́ẹ̀, Mà, á máa ṣe bíi pé ó ń rìn."

"Ó ti wọ ihò imú ẹyẹ."

"Ẹ ò rí nǹkan? Ayédèrú ò lè ṣe bẹ́ẹ̀."

Mo gbójú sókè wo àjà. Mo bu ètè ara mi jẹ títí ó fi ń ta mí.

Màmá gbé férémù kúrò lára ògiri. Páálí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí, èèrà dà sílẹ̀ wìtìwìtì. Màmá gbóòórùn ìwé náà. Wọ́n fi ìka kàn án, ìka lẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n fi ìka kan ahọ́n.



"Mílíìkì wà nínú ẹ̀."

Wọ́n mú lẹ́tà wọn, wọ́n dá a padà sínú báàgì, wọ́n fa síìpù rẹ̀ dé òpin. Wọ́n wá yíjú sí Ojúlówó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó wá kí i kú ọ̀fọ̀.

"Bàbá bàbá ẹ àgbà tó fi èyí sílẹ̀, horo ṣúgà mélòó ni wọ́n máa ń fi sí tíì?"

Ẹni tó ti ń dá ọ̀gá lóhùn láti ọdún mọ́kànlá kì í ronú mọ́ kó tó dáhùn.

"Mẹ́ta, Mà."

Ìyàwó rẹ̀ yọjú láti ilé ìdáná, ó ń nu ọwọ́.

"Irọ́ ni, Mà. Mẹ́rin ni. Èmi ni mo pò ó. Àwọn ọmọ ni mo sì ń bá jà láti Ọjọ́bọ̀ pé àwọn ló mu ún."