Bí Àjàní Aránbàtà Ṣe Ṣẹ́gun Gìgísẹ̀ Ara Rẹ̀

Ẹ yàgò lọ́nà fún Oyèdòkun Àjàní, aránbàtà ìlú Ṣakí! Ọmọ ẹni tí ewúrẹ́ kú fún, tí awọ rẹ̀ tún ń rìn káàkiri ìgboro lẹ́sẹ̀ olówó àti tálákà; àrọ́mọdọ́mọ ẹni tó rán bàtà fún balógun, tí balógun fi lé ọ̀tá títí ọ̀tá fi gbàgbé orúkọ ìyá rẹ̀. Abẹ́rẹ́ bọ́ sọ́wọ́ Àjàní, abẹ́rẹ́ di ọ̀kọ̀. Ó fi ọ̀bẹ yọ sí awọ màlúù, awọ màlúù túúbá.

Ṣùgbọ́n a kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì. Ọyẹ́ ọdún náà gbógun dé: ó kan ètè, ètè bó, ó kan ilẹ̀, ilẹ̀ lanu, ó wá pàgọ́ sí gìgísẹ̀ Àjàní. Gìgísẹ̀ sán bí ògiri ahoro, èyí tó kéré jù nínú ihò rẹ̀ lè gba hóró àgbàdo.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, gìgísẹ̀ yìí kọ lu aṣọ sányán tí Àríyìkẹ́ aya rẹ̀ gbé wọlé ọkọ, èyí tí àwọn méjèèjì ti jọ ń bora láti ìgbà èwe wọn. Fàààà! Aṣọ ya.

Àríyìkẹ́ wo ihò, ó wo ọkọ. "Bàbá Fọláyẹmí, ẹsẹ̀ ni àbí ayùn?"

"Ọyẹ́ ni, Àríyìkẹ́."

"Ṣé ọyẹ́ kan náà kọ́ ló ń fẹ́ sí èmi ni? Ẹ gbọ́: títí gìgísẹ̀ yín yóò fi gba orí gèlè sílíkì mi kọjá láì fa òwú kan, ẹ̀yin àti ẹní pálọ̀ lẹ ó jọ máa gbé."

Bí akọni ṣe di ìsáǹsá nínú ilé ara rẹ̀ nìyẹn. Àjàní bínú dìde bí ẹkùn. Láàárọ̀, lálẹ́, ó ń fi ọṣẹ dúdú àti kànhìnkànhìn bo ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Bó bá gbẹ tán, tó funfun bí ẹfun, á wá da òrí bò ó. Òrí jókòó sójú awọ bí àlejò tí wọn kò fún níjòkòó. Gìgísẹ̀ tún là sí i.

"Òrí tí o rà yìí ò dáa."

"Òun náà ni mo fi ń para. Ẹ wo bí ara mi ṣe ń dán. Ẹ dúró níbẹ̀ o! Mo ní kẹ́ ẹ wò ó, mi ò ní kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn án."

Àjàní fi ìbànújẹ́ lọ síbi iṣẹ́. Ó mú awọ ewúrẹ́ gbígbẹ kan, ó kọ́kọ́ rì í sómi, nítorí awọ gbígbẹ tí a fi òróró pa, bí a bá ṣẹ́ ẹ po, sísán ni yóò sán. Omi ló ń mú awọ rọ̀; òróró kàn ń tìlẹ̀kùn mọ́ omi ni. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó wo awọ, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Áà! Gbogbo ewúrẹ́ ìlú ló ti fún lómi, awọ ara rẹ̀ nìkan ló ń fi òrí pa ní gbígbẹ! Ọṣẹ dúdú ńkọ́? Eérú inú rẹ̀ tó ń jẹ ọ̀rá ara ìkòkò, òun náà ló ń jẹ ìwọ̀nba ọ̀rá tí Ọlọ́run fi sínú awọ.

Ni ológun bá tún ogun tò. Ó fi ọṣẹ sílẹ̀, ó ki ẹsẹ̀ bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ títí ó fi rọ̀, ó fi òkúta ha òkú awọ kúrò. Ó fi oyin díẹ̀ pa á, nítorí oyin a máa fa omi mọ́ra; àwọn èèrà gbọ́, wọ́n kógun dé, Àjàní sì fi ọgbọ́n àgbà jọ̀wọ́ oyin fún wọn. Kí omi tó gbẹ lára ẹsẹ̀, ó fi òrí tìlẹ̀kùn, ó fi ìbọ̀sẹ̀ ṣe àgádágodo. Ojoojúmọ́ ló ń ṣe é, kò kánjú.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Àríyìkẹ́ tẹ́ gèlè sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fọwọ́ lẹ́rán. Àjàní gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó wọ́ ọ kọjá: gèlè ò fọhùn. Ó wọ́ tòsì: kẹ́kẹ́ pa. Aya bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ pa gìgísẹ̀ náà lọ, pa á bọ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì ká ẹní pálọ̀.

"Ẹ wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa rán sányán mi."

Kí tilé gbọ́, kí toko mọ̀! Kí ọyẹ́ káwọ́ lérí padà síbi tó ti wá! Àjàní ọmọ aláwọ ti ṣẹ́gun. Àjàní ti padà sábẹ́ sányán!