Iṣan Tí Kò Ṣàn

Ọdún kejì lẹ́yìn rúkèrúdò Ìsẹ́yìn ni Oyèdèjì, àgbà ahunṣọ tí gbogbo ilé ń pè ní Baba Àtinúkẹ́, bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láìdé fìlà. Bí fìlà bá ti kan ẹ̀bátí rẹ̀ ọ̀tún, bí ẹni fi iná kàn án ni. Ó ránṣẹ́ pe Ràsáàkì onígbàjámọ̀, ẹni tí kò sí àìsàn tí kò mọ̀, bó bá jẹ́ òun fúnra rẹ̀ lẹ bi.

"Ẹ kú ìdí òfì, Baba. Ẹ̀fọ́rí ni. Mo ti mọ̀ láti ẹnu ọ̀nà."

"N kò tíì sọ̀rọ̀."

"Tiyín ni kí ẹ ṣàìsàn, tèmi ni kí n sọ ọ́. Bí ẹ bá ń jẹ iṣu, ṣé ó ń dùn yín?"

"Iṣu Ilérò ni Àtinúkẹ́ ń sè fún mi. Kí ni kò ní í jẹ́ kó dùn?"

"Páárì ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín ni mo ń bi. Ṣé páárì ń dùn yín?"

"Ìyẹn dùn mí dé etí. Bí mo bá jẹ díẹ̀, n óò sinmi kí n tó tún jẹ. Àtinúkẹ́ rò pé ọbẹ̀ òun ni n kò fẹ́."

"Ojú ńkọ́?"

Oyèdèjì yí ojú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó wo òfì rẹ̀. Kò tíì sọ èyí fún ẹnikẹ́ni nínú ilé.

"Ti ọ̀tún a máa ṣú, bí ìgbà tí ìkùukùu bo oòrùn, a sì tún là. Lánàá, òwú dúdú ni mo fi síbi tó yẹ kí n fi funfun sí. Bí ojú bá lọ, Ràsáàkì, ọwọ́ mi kò mọ iṣẹ́ mìíràn."

Ràsáàkì sún mọ́ ọn. Ó fi ìka tẹ ẹ̀bátí náà. Iṣan ibẹ̀ le bí okùn, kò sì lù kìkì lábẹ́ ìka.

"Iṣan yìí kò ṣàn, Baba."

"Mo mọ̀ pé kò sàn. Bó bá sàn, ǹ bá pè ọ́?"

"Ṣàn ni mo wí, bí odò ṣe ń ṣàn. Bàbá mi fá orí àgbàlagbà kan rí ní Ṣakí tí iṣan rẹ̀ rí báyìí. Wọ́n ní ẹ̀fọ́rí lásán ni. Kó tó di ìgbà ìkórè, ojú ti lọ. Ẹ jẹ́ kí n gé díẹ̀ níbẹ̀, kí n wo ohun tó wà nínú rẹ̀."

"Kí o gé mi wò bí ẹni ń gé aṣọ wò?"

"Bíńtín ni. Ẹ fún mi ní fọ́nrán òwú tí n óò fi di ojú ibi tí mo bá gé."

"Má mú ti etù, ó ń yọ àwọ̀. Mú sányán."

Ràsáàkì fi omi gbígbóná fọ abẹ. Ó na igi kékeré kan sí i.

"Ẹ fi eyín dì í mú, kí ẹ má baà ké."

"Ṣebí páárì ń dùn mí."

"Ẹ di ọwọ́ mi mú, nígbà náà."

"Ta ni yóò wá di abẹ mú?"

Òpó òfì ni Oyèdèjì wá dì mú. Ó di ojú, ó mí kanlẹ̀, kò ké. Nígbà tó lajú, Ràsáàkì ti fi òwú di ojú ibẹ̀, ègé iṣan náà sì ti wà lórí ewé kan. Ràsáàkì là á. Inú rẹ̀ ti wú, ó ti dí. Ihò tó ṣẹ́ kù kò tó ojú abẹ́rẹ́.

"Orí ńkọ́, Baba?"

"Ó ti fúyẹ́ lápá ibẹ̀."

"Ojú?"

"Ó ń wò ọ́. O ń làágùn. Àìsàn wo wá ni èyí?"

Ràsáàkì wo ewé, ó wo abẹ, ó tún wo ewé.

"Mo rí i, Baba, mo sì mú un jáde. Orúkọ rẹ̀ ni n kò mọ̀."

"Kò burú. Padà wá ní ọjọ́ kẹjọ, a ó sọ ọ́ lórúkọ."