Ẹ̀bùn Tó Ní Ojú

Ẹjọ́ tó dé ààfin lánàá, ẹni tó bá gbọ́ ọ tí kò rẹ́rìn-ín, kó lọ rí dókítà. Télọ̀ kan ló pe ìyàwó rẹ̀ lẹ́jọ́ pé ó fún òun lẹ́bùn. Bí mo ṣe wí yẹn náà ni. Ó ní kí Baálẹ̀ lé e padà sílé ìyá rẹ̀. Ìyàwó ń bẹ̀bẹ̀, torí ọdún mẹ́rìndínlógún nílé ọkọ kì í ṣe ọjọ́ kan.

Baálẹ̀ ń fọwọ́ ra owó fàdákà tó fi ṣe ẹ̀gbà ọrùn. Télọ̀ yìí ló fi ta á lọ́rẹ nígbà tó joyè.

"Ẹ̀bùn wo ló fún ọ?"

"Awò ni, Baba, èyí tó ń sọ kékeré di ńlá. Ó ní torí pé mo ń kó sítáǹbù àti owó àtijọ́ jọ ni."

"Ṣé ó ti fọ́ ni?"

"Ì bá fọ́! Ogún ọdún ni mo ti ń fi owó fàdákà mi tó ní orí ọba lára yangàn. Àwọn èèyàn ń wọkọ̀ wá wò ó. Àfi bí mo ṣe gbé awò lé e, mo rí lẹ́tà tín-ín-tín lábẹ́ ọrùn ọba: FÚN ERÉ ỌMỌDÉ."

Àwọn ìjòyè bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ ńkọ́, kí lo rí sọ?"

"Baba, oore ló kó bá mi. Mo ra bẹ́líìtì fún un, ó ní ṣé sòkòtò òun ń já bọ́ ni. Mo ra álíbọ́ọ̀mù, ó ní sítáǹbù òun kì í ṣe fọ́tò ìgbéyàwó. Mo wáá ra ohun tó lè fi ríran. Mi ò mọ̀ pé kò fẹ́ ríran."

"Ẹ gbọ́ ẹnu ẹ̀!" Ẹ̀gbọ́n ọkọ ti fò dìde. "Ojúlówó lowó yẹn! Bàbá wa ló wú u lóko."

"Bàbá yín tó ń wa ọkọ̀ ojú irin?" ìjòyè kan bi í. "Oko wo?"

"Oko... ẹ̀gbẹ́ ojú irin náà ni."

"Irọ́!" Ọkùnrin kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ló sọ bẹ́ẹ̀ láàárín èrò. "Èmi ni mo tà á fún un. Inú páálí ìṣeré ọmọ mi ni mo ti mú un. Méjì ni wọ́n, ó sì ra méjèèjì."

"Èkejì dà?" Baálẹ̀ bèèrè.

Télọ̀ ń wo ilẹ̀. Ìyàwó ń wo ọrùn Baálẹ̀.

"Ẹ gbé awò yẹn wá."

Baálẹ̀ gbé e lé owó ọrùn rẹ̀, ó wò ó, ó tún un wò. Ojú rẹ̀ le.

"Baba," ìyàwó ní, "bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́..."

"Panu mọ́! Òtítọ́ tó bá ń bọ̀ nílùú yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá kí mi." Ó fọwọ́ bo ẹ̀gbà ọrùn rẹ̀. "Ìdájọ́ rèé. Ojúlówó lowó méjèèjì. Awò ló purọ́. Ẹ̀wọ̀n ọdún méje ni, inú àpótí mi ni yóò ti ṣe é. Ìyàwó, máa lọ sílé ọkọ rẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀bùn tí o bá tún máa fún un, kò gbọdọ̀ ní ojú."

Ìyàwó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Inú rẹ̀ dùn dọ́ba. Ẹnu ọ̀nà ni télọ̀ ti sún mọ́ ọn.

"Kí lo máa wáá fún mi lọ́dún tó ń bọ̀?"

"Bẹ́líìtì," ìyàwó dá a lóhùn. "Ìyẹn ò ríran."